Gìtá Méjì, Ọwọ́ Kan

Túnbọ̀sún ní kí n má yí orúkọ òun padà. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, torí àwọn tó máa ń wá tú àṣírí ara wọn fún mi, ńṣe ni wọ́n máa ń yá orúkọ lò. Ó ní irọ́ tí òun ti pa sẹ́yìn ti tó, òun kò fẹ́ fi ti orúkọ kún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Túnbọ̀sún náà nìyẹn. Clondalkin ní Dublin ló ń gbé, Citywest ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orin kọ́ńtírì ni o. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà ní Ìwó, ní kásẹ́ẹ̀tì irú orin bẹ́ẹ̀ kún àpótí, orin àwọn adamàlúù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń gbálẹ̀ ilé wọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Micah ni èkejì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń kọrin, gìtá méjì, ohùn méjì, fìlà adamàlúù méjì. Ìbejì ni àwọn ará ìjọ ń pè wọ́n. Nígbà tí Tẹjúmádé ìyàwó Micah bímọ, tí ìyá rẹ̀ sì ti Ìṣẹ́yìn wá bá wọn tọ́jú ọmọ, Túnbọ̀sún ló wa mọ́tò lọ pàdé ìyá náà ní pápákọ̀ òfurufú. Màmá Sẹ̀kínát ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ mú orúkọ ìyá náà dání, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu fíìmù ni mo máa gbà wọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Túnbọ̀sún àti Micah ń fi orin wàásù ní Moore Street nígbà tí obìnrin òyìnbó kan dúró tì wọ́n. Priscilla lorúkọ rẹ̀, ọmọ Dublin níbẹ̀ ni. Ó ní fíìmù lòun ń ṣe, fíìmù tó máa dẹ́rù bani tó sì tún máa pani lẹ́rìn-ín, àwọn olórin kọ́ńtírì ló sì máa kún inú rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sọ ìyẹn láìfi bò. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni, ojúmọmọ, ẹ máa jẹ sáńwíìṣì."

Ìtàn inú fíìmù náà kò le. Olórin kan kú lórí pèpele ní ilé ijó àtijọ́ kan. Òkú rẹ̀ ń jí dìde, ẹnikẹ́ni tó bá ṣi orin kọ níbẹ̀, ó ti di òkú nìyẹn. Olórin márùn-ún ni wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Òkú náà fi wáyà gìtá gé ọ̀kan lọ́rùn. Ó ki orí èkejì bọ inú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se omi tíì, ó fi ọ̀pá gòjé òyìnbó gún ẹ̀kẹta lójú títí tó fi yọ lẹ́yìn orí. Ṣúgà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ àwọ̀ pupa ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò. Túnbọ̀sún ní ó dùn débi pé òun máa ń lá a ní ètè òun.

Orin kan ṣoṣo ni Priscilla fẹ́ kó parí fíìmù, Túnbọ̀sún ló sì ni orin náà. Ó kọ ọ́ lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, tí kò lè lọ sin bàbá. *Ọ̀nà ilé ṣì jìn, ẹsẹ̀ mi ti wú. Bàbá, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn.* Nígbà tó kọ ọ́ fún Priscilla, obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ọkàn Túnbọ̀sún balẹ̀ pé òun lòun máa yè dé òpin fíìmù.

Priscilla wá ní Micah ló máa kọ ọ́.

Ó ní, "Ojú Micah ni ojú ẹni tó máa yè. Ìwọ, ojú tìẹ le. Mo fẹ́ kí o kú sínú ìkòkò tíì, kí o wá jí gẹ́gẹ́ bí òkú, kí o fi gìtá fọ́ orí Micah. Á ṣubú, á dìde tòun tẹ̀jẹ̀, á sì kọrin rẹ. You'll be grand."

Túnbọ̀sún rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú. 

Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Obìnrin oníròyìn rédíò kan wá síbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sí Micah lẹ́nu, ó bi í pé ta ló kọ orin àgbọ́sunkún náà. Túnbọ̀sún dúró nítòsí wọn, wọ́n ti fi àtíkè kun ojú rẹ̀ bí òkú.

Micah ní, "Inú ọkọ̀ ojú irin Luas ni mo jókòó sí lọ́jọ́ kan. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Micah ṣẹ́jú sí Túnbọ̀sún. "Má bínú jàre. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Ṣebí àwa méjèèjì náà ni?"

Túnbọ̀sún ní, "Àwa náà ni."

Kò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó sọ fún mi pé bí Micah bá jí aṣọ òun tàbí bàtà òun, òun ì bá fi ṣẹ̀rín. Òkú bàbá òun ló jí.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n máa ya ibi gìtá, Túnbọ̀sún lọ gbé Micah nílé. Wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀jẹ̀ ṣúgà ti gbẹ sí. Màmá Sẹ̀kínát gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ó rí wọn, ó dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ̀ ń fi ṣeré yẹn?"

Micah ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni, Mà. Ẹ̀jẹ̀ irọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé irọ́ lẹ̀ ń pa o. Tẹ́ ẹ bá ń pè é, ó lè jẹ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n wọ mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gìtá náà. Méjì ni. Wọ́n kun méjèèjì ní dúdú, wọ́n ya òdòdó funfun sí wọn níkùn. Ọ̀kan jẹ́ gìtá gidi. Ìkejì, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kàn án, bó bá ba èèyàn, á fọ́ yángá, onítọ̀hún ò sì ní mọ̀ ju bí ẹní fi páálí gbá a. Kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn pèpele ni wọ́n kó méjèèjì sí. Priscilla ti kọ́ Túnbọ̀sún bó ṣe máa dá wọn mọ̀. Ó ní, "Fi oríkèé ìka kàn án kó o tó gbé e. Èyí tó bá dún bí páálí, òun ni tiwa."

Túnbọ̀sún ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kan èkíní, ó dún bí páálí. Ó gbé e sílẹ̀. Ó kan èkejì, ó dún kẹ̀ǹdù, okùn rẹ̀ sì ń kùn. Ó dúró díẹ̀. Ó mi orí, ó gbé e.

Mo bi í pé kí ló ń rò lọ́kàn nígbà yẹn. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, Mà. Mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kó dùn ún."

Priscilla ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Micah kúnlẹ̀ lórí pèpele, ó ń kọrin, wọ́n ti da ṣúgà pupa sí i láyà. Túnbọ̀sún ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí òkú. Ó gbé gìtá sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ ẹ̀bátí Micah lápá òsì. Gìtá náà kò fọ́. Micah ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ja pákó pèpele.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Priscilla ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Brilliant, lads, ẹ má dúró." Kámẹ́rà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ mọ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ níbi tí gbogbo nǹkan ti pupa?

Díẹ̀ ta sí Túnbọ̀sún létè. Ó fi ahọ́n kàn án, bó ṣe máa ń ṣe. Kò dùn. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde nínú etí Micah, ó ń lọ sábẹ́ fìlà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kígbe pé kí wọ́n pe áńbúláǹsì.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì burú ju èkíní lọ.

Nígbà tí Priscilla bi í, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ni kò yẹ kó kó gìtá méjèèjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, Túnbọ̀sún sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "I picked the wrong yoke," pé òun ṣèèṣì mú èyí tí kì í ṣe tiwọn. Òyìnbó gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn lè ṣèèṣì mú nǹkan.

Àmọ́ ní ọsibítù, Díkìn Adékúnlé, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ wọn, fà á sí kọ̀rọ̀. "Bọ̀dá Túnbọ̀sún, ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń ta gìtá. Báwo lẹ ṣe máa gbé e lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò ní mọ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Àṣìṣe kò lè dáhùn rẹ̀. Túnbọ̀sún wolẹ̀, ó ní, "Díkìn, mi ò lè ṣàlàyé. Ohun kan ló ti ọwọ́ mi."

Ó sọ fún mi pé òun rò pé ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, pé wọ́n á mi orí, wọ́n á gbàdúrà, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mo ní ṣé inú wa kọ́ ni wọ́n bí i sí ni? Àwa wo la máa gbọ́ pé ohun kan ti èèyàn lọ́wọ́ tí a ò ní bèèrè ẹni tó rán an?

Nílé, ìyàwó rẹ̀ Tẹniọlá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń fọ àtíkè òkú kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Gìtá yẹn ò wúwo lọ́wọ́ yín ni?"

Túnbọ̀sún já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ náà ti di gárdà ọlọ́pàá?"

Micah lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù. Egungun ẹ̀bátí rẹ̀ sán, etí òsì rẹ̀ sì kú pátápátá. Olórin tí etí rẹ̀ kan kú, ohùn ara rẹ̀ a máa ṣì í lọ́nà. Ó gbìyànjú láti bá rédíò kọrin lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bó ṣe ń ṣi í kọ, ó sì gbá rédíò náà mọ́ ògiri. Priscilla wá bẹ Túnbọ̀sún pé kó bá wọn kọ orin tó kù kí fíìmù lè parí. Túnbọ̀sún kọ ọ́. Ó ní òun ò kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Lákòókò yẹn, Díkìn Adékúnlé ń ṣe ìwádìí. Ó lọ kí Tẹjúmádé, ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun ṣáájú ọjọ́ náà. Tẹjúmádé kò fura, ó ní, "Màmá mi tiẹ̀ kìlọ̀ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ wọn."

Díkìn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ìyá tó kìlọ̀ di ìyá tó ṣe é. Tẹ̀súbáà rẹ̀ wọ inú ẹjọ́. Àdúrà tó ń kí ní ìdájí wọ inú ẹjọ́. Pé ó máa ń bu omi gbígbóná sí ara ọmọ láràárọ̀ gan-an wọ inú ẹjọ́. Pásítọ̀ kò sí nílùú, kò sì sẹ́ni tó pè é. Micah, tí orí ń fọ́ tọ̀sán-tòru, tó ń wá ẹni tó máa bínú sí, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èèyàn mẹ́fà wá sílé Micah. Wọ́n ní kí Túnbọ̀sún náà wá. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun lọ. Ó lọ, torí bí kò bá lọ, wọ́n á bi í pé kí ló dé.

Wọ́n ní kí Tẹjúmádé gbé ọmọ lọ sókè, Micah sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n mú ìyá jókòó sórí àga ní kíṣìnnì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni o. Díkìn gba tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó já a, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀ títí dé abẹ́ fíríìjì.

Díkìn ní, "Màmá, ẹ jẹ́wọ́."

Ìyá ní, "Kí ni kí n jẹ́wọ́? Mo ní kí wọ́n má fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré. Ṣé ẹ ní n jẹ́wọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn?"

"Ojú mi ni."

Díkìn yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí tó wà lára ìyá lòun fẹ́ nà, kì í ṣe ìyá. Bẹ́líìtì kò mọ ìyàtọ̀. Ó ba ìyá lẹ́yìn, ó ba á nítan, ó ba á lọ́rùn, irin orí rẹ̀ sì fa awọ etí rẹ̀ ya. Àwọn yòókù ń pariwo àdúrà. Lókè, Tẹjúmádé ń fi ara gbá ilẹ̀kùn, ọmọ ń ké. Micah jókòó sórí àga pẹ̀lú báńdéèjì lórí, ó ń wò.

Ìyá náwọ́ láti fi bo ojú. Díkìn ní, "Bọ̀dá Túnbọ̀sún, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ yín ló lò, ọwọ́ yín la máa fi dá a dúró."

Túnbọ̀sún dì í mú.

Mo ní kó tún un sọ fún mi, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Mo dì í mú, Mà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú." Bẹ́líìtì tún balẹ̀, ìyá já ara rẹ̀, Túnbọ̀sún kò tú u sílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ìyá ṣẹ́. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná.

Ìyá kò ké. Ó gbójú sókè, ó wo Túnbọ̀sún, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Túnbọ̀sún, ta ló tì ọ́ lọ́wọ́?"

Ó mọ̀. Túnbọ̀sún ní òun rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sọ pé, "Ó ti tó, Díkìn." Ohun tí ó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi gba ìyá náà, ó gbé e mì.

Aládùúgbò kan ti pe àwọn gárdà. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá ní kíṣìnnì lòun ti ṣubú. Kò fẹ́ kí ọkọ ọmọ òun wẹ̀wọ̀n. Tẹjúmádé lè sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wọ ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ rẹ̀ nínú POP. Látọjọ́ náà, Tẹjúmádé kò bá Micah sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi tó bá kan ọ̀rọ̀ ọmọ.

Fíìmù parí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Priscilla gbé aṣọ funfun kọ́ sí ilé ijó kan náà tí wọ́n ti ya á, ó sì pe gbogbo èèyàn. Ará ìjọ kún ibẹ̀ bámúbámú. Díkìn Adékúnlé wá. Micah wá, Tẹjúmádé jókòó jìnnà sí i. Túnbọ̀sún wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú Tẹniọlá, kóótù tuntun lọ́rùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ké, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Nígbà tí wọ́n ki orí Túnbọ̀sún bọ ìkòkò tíì, gbogbo ilé mì. Ibi tí gìtá ti fọ́ Micah lórí kò sí níbẹ̀, Priscilla ti yọ ọ́ nítorí Micah. Lópin, ohùn Túnbọ̀sún gba gbogbo ilé. *Bàbá, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn.* Àwọn ìyá ń nu ojú. Ó ní ó ṣe òun bí ẹni pé òun ti dé ilé.

Ẹ sì mọ ìṣe àwọn fíìmù apanilẹ́rìn-ín. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá ti ń gòkè, wọ́n á máa fi ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe hàn, kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ẹnì kan gbàgbé ọ̀rọ̀. Ẹnì kan yọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni kọ́bọ́ọ̀dù yọ.

Priscilla ti gbé kámẹ́rà kékeré kan sẹ́yìn pèpele láti fi máa ká àwọn ohun ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Túnbọ̀sún kò mọ̀. Òkú kan tó wọ fìlà adamàlúù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń kan gìtá wò bíi dókítà tó ń yẹ àyà wò. Èkíní dún bí páálí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òkú gbé e sílẹ̀. Èkejì dún kẹ̀ǹdù. Òkú dúró, ó mi orí, ó gbé e lọ. Ilé tún bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín Priscilla ló kọ́kọ́ dá. Kò sí bí ì bá ti fura nígbà tó ń gé e pọ̀, ẹ̀rín nìkan ló ń wá. Ó dìde, ó dá a padà, ó tún un gbọ́.

Ó ní, "Túnbọ̀sún, o sọ fún mi pé o ṣèèṣì mú un ni. Èyí tó fúyẹ́ lo fi sílẹ̀ yẹn."

Tẹjúmádé dìde lẹ́yìn. "Ó ṣèèṣì báwo? Wọ́n sọ fún wa pé ohun kan ló ti ọwọ́ wọn." Ó ń rìn bọ̀ láàárín àga. "Bọ̀dá Túnbọ̀sún, èwo ni ká gbà?" Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò pè é ní bọ̀dá mọ́. "O mọ̀. O mọ̀, o sì di ọwọ́ màmá mi mú."

 Òkú tó wà lára aṣọ funfun ṣì ń mi orí.

Micah ló gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Eyín iwájú Túnbọ̀sún méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Micah gun orí rẹ̀, ó ń lù ú ní ojú, ní imú, ní ọrùn, kóótù tuntun sì di pupa. Túnbọ̀sún kò gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó sì mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu.

Tẹjúmádé ló fa ọkọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Má fi ẹ̀ṣẹ́ dá ara ẹ láre. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìwọ lo jókòó, tó o ń wò."

Díkìn Adékúnlé ti ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Tẹjúmádé gbé ohùn sókè díẹ̀. "Díkìn, ẹ dúró. Ẹ̀yin náà, ta ló rán yín?"

 Kò sẹ́ni tó yà fún un lọ́nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tẹniọlá wa ọkọ rẹ̀ lọ bá àwọn gárdà.  Túnbọ̀sún sọ ti gìtá, ó sọ ti ọwọ́ ìyá, ó dárúkọ bẹ́líìtì àti ẹni tó ni ín. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì lè wẹ̀wọ̀n. Pásítọ̀ ti yọ Díkìn nípò. Micah kọ̀wé sí Priscilla pé kó yọ orúkọ òun kúrò lára orin náà, pé òun kọ́ ló ni ín, orúkọ Túnbọ̀sún nìkan ló sì wà lára rẹ̀ nínú fíìmù báyìí. Túnbọ̀sún kò tíì wo èyí tí wọ́n tún ṣe náà.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fi kọ́gbọ́n.  Ó sọ ti ìpè kan fún mi.

Ó ní òun gba nọ́ńbà Màmá Sẹ̀kínát lọ́wọ́ Tẹjúmádé, èyí tó gbà á ní oṣù kan gbáko. Ó pè é ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó gbọ́ ohùn adìyẹ, ó gbọ́ ohùn ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ohùn ìyá.

Ó ní, "Mà, Túnbọ̀sún ni. Mo pè láti bẹ̀ yín ni."

 

Ìyá ní, "Túnbọ̀sún. Ìpè tó o pè yìí, ṣé ìwọ fúnra ẹ lo pè é, àbí ẹnì kan ló tì ọ́ lọ́wọ́?"

Ó ní, "Èmi ni, Mà. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ìgbà yẹn náà, kò sẹ́ni tó tì mí."

Ìyá ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Ó wá sọ fún un pé ọwọ́ tí òun fi ń ka tẹ̀súbáà kò ká mọ́, pé kó dúró kí òun gbé fóònù sí ọwọ́ kejì.